Egungun Ọrùn Gìtá àti Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mo kí yín o. Wọ́n ní kí àwa tí a ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ̀wé nípa ohun tí ojú wa rí nídìí rẹ̀. Èmi kò tíì darúgbó. Irun mi ṣì dúdú, mi ò sì tíì bímọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré, tí mo rò pé màá máa ṣe títí ojú mi ò fi ní ríran mọ́, mo ti fi í sílẹ̀, mi ò sì ní padà sídìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sáà pè é ní ìfẹ̀yìntì. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, mi ò sì lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ títún gìtá ṣe ni mo kọ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ibì kan wà tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń fẹ́ kí ọ̀gá jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe nọ́ọ̀tì tí mẹkáníìkì ń fi sípánà dè o. Tí ẹ bá wo òkè ọrùn gìtá, kí okùn tó dé ibi tí wọ́n ti ń yí i kó le tàbí kó dẹ̀, ẹ máa rí egungun pẹlẹbẹ kan tó dábùú ọrùn náà. Kò ju ìka ọmọdé lọ. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan sì ń gba inú tirẹ̀ kọjá. Egungun yẹn ni nọ́ọ̀tì. Bí kòtò rẹ̀ bá ga jù, ìka á máa dun olórin, ohùn gìtá á sì yẹ̀. Bó bá jìn jù, okùn á máa lu àwọn irin tó wà lára ọrùn gìtá, á wá máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Àárín gíga jù àti jíjìn jù kò ju bí ìwé pélébé kan ṣe nípọn lọ.

Màá sọ òótọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí mo fi ń jowú ẹnì kan lójoojúmọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Ìpara ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ìlíṣàn ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí n wá kọ́ṣẹ́. Irun dídì ló ní lọ́kàn. Mo lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, mo sì rí i pé ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà ju ọwọ́ lọ. Oníbàárà á jókòó, á sọ ti ọkọ rẹ̀, ẹ̀yin náà á sọ tiyín. Èmi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ. Ní òdìkejì títì, ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹrí ba sórí gìtá láti àárọ̀ dalẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo sọ fún àǹtí mi pé ibẹ̀ ni mo fẹ́. Ó wò mí títí. "Gìtá? Ìwọ tí o kì í kọrin nínú balùwẹ̀ pàápàá?" Ṣùgbọ́n ó mú mi lọ.

Ọ̀gá Jídé ni wọ́n ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì, lábẹ́ ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ó ń pa Sábáàtì mọ́. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí àpótí irinṣẹ́, kódà ẹ ò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀: kò fún mi lówó, kò sì gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àǹtí mi. Ìyẹn ti tán.

Egungun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kì í lo rọ́bà fún nọ́ọ̀tì. Egungun ojúgun màlúù ló ń lò. Èmi ni mo máa ń lọ gbà á ní ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Ṣàgámù. Tí mo bá wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àpò yẹn, gbogbo èrò inú ọkọ̀ á máa di imú mú. Tí mo bá délé, màá yọ mùdùnmúdùn inú rẹ̀, màá rẹ ẹ́ sínú omi, màá fi ọṣẹ sè é títí gbogbo ọ̀rá á fi jáde, màá wá sá a sórí páànù títí á fi funfun. Ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù sínú egungun máa ń jẹ́ kí ohùn okùn kú.

Ní ọjọ́ kan, mo rẹ egungun tí Ọ̀gá fẹ́ fi gbẹ́ nọ́ọ̀tì gìtá Pásítọ̀ kan sínú ìkòkò sí ẹ̀yìnkùlé ilé Ọ̀gá. Mọ́mì, ìyàwó Ọ̀gá, ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa á, ó rí i. Nígbà tí Ọ̀gá máa dé, òórùn ata ti gba gbogbo ilé.

"Fọlákẹ́, egungun tó wà nínú ìkòkò dà?"

Mo nawọ́ sí ilé ìdáná.

Mọ́mì yọjú. "Ṣé èyí tí mo fi se ọbẹ̀ ni? Ṣé kì í ṣe ẹran lẹ rà ni? Mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ẹran yìí kò lẹ́ran lára."

"Gìtá Pásítọ̀ lo fi se ọbẹ̀ yẹn!"

"Ó dáa náà. Ẹ ránṣẹ́ sí Pásítọ̀ kó wá jẹun."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n padà sí Ṣàgámù lọ gba òmíràn, ní ọ̀sán yẹn náà.

Ọ̀gá kì í na ọmọ iṣẹ́. Ohun tó ń ṣe burú ju nínà lọ lójú mi. Ó fún mi ní gìtá àtijọ́ kan tí kò ní oníbàárà, ó ní kí n máa gbẹ́ nọ́ọ̀tì fún un. Tí mo bá parí, á ní kí n tẹ okùn mọ́ irin kẹta, kí n ki ìwé bọ abẹ́ okùn náà lórí irin àkọ́kọ́. Ìwé gbọ́dọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ha díẹ̀. Lẹ́yìn náà á ta okùn náà, á tẹ́tí. Tí kò bá dára, kò ní sọ̀rọ̀. Á yọ egungun náà, á jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, á sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Odidi ìgbà òjò kan ni mo fi gbẹ́ nọ́ọ̀tì fún garawa. Mo máa ń sunkún tí mo bá ń dá lọ sílé, ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Tí ẹ bá ti fi irin rẹ́ egungun débi tó yẹ, okùn á jókòó sínú rẹ̀ bí ọmọ tó fẹ̀yìn ti ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì mọ́ lójijì. Mi ò rí nǹkan tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn rí.

Nígbà yẹn, a kò ní irinṣẹ́ gidi. Àwọn wẹ́dà ní irin wẹ́wẹ́ kan tí ara rẹ̀ ṣákiṣàki, tí wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì gáàsì wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó nípọn díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òun ni Ọ̀gá ń fi gbẹ́ kòtò okùn. Fún okùn tó nípọn jù, ó máa ń wé sáńpépà mọ́ okùn gìtá tó ti já. Ó máa ń sọ pé egungun kò mọ̀ bóyá irin wẹ́dà ni tàbí irin òyìnbó.

Nígbà tí garawa ti ń gba díẹ̀ nínú nọ́ọ̀tì mi, tí Ọ̀gá ti ń fi àwọn kan sílẹ̀ sára gìtá, Bísọ́lá dé.

Ọmọ Ṣàgámù ni. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún àwọn dírébà nítòsí oríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Interchange, àárín ariwo ọkọ̀ ló sì dàgbà sí. Kò sí ẹni tí kò lè bá sọ̀rọ̀. Ojúgbà ni wá, ṣùgbọ́n nítorí pé mo ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, àǹtí ló gbọ́dọ̀ máa pè mí, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an, ó wò mí níwájú oníbàárà, ó ní:

"Àǹtí Fọlákẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé eyín ló ń dùn yín ni?"

"Rárá."

"Háà! Ó sọ̀rọ̀! Ọ̀gá, ẹ gbọ́? Wọ́n ní rárá!"

Ọ̀gá sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tí mo ti ń bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti ṣẹ́ sí mi láyà, kò sì jáde mọ́.

Tí oníbàárà bá wọlé, Bísọ́lá á ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ ti ń lò ó? Ìka ni àbí pẹlẹbẹ rọ́bà lẹ fi ń ta á? Ta ló kọ́ yín? Ṣé ẹ máa ń jókòó ni àbí ẹ máa ń dúró? Á ní kí wọ́n ta á kí òun gbọ́, á máa jó. Èmi á wà lẹ́yìn, màá máa gbá eruku egungun tó yẹ kí Bísọ́lá gbá. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mo gbà pé ó ń fi ọ̀rọ̀ sá fún iṣẹ́ ni.

Ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àga kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí àfi Ọ̀gá. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù, ibẹ̀ ló sì ti ń gbẹ́ nọ́ọ̀tì àwọn oníbàárà. Ní òwúrọ̀ kan, gìtá ọmọ yunifásítì kan wà nílẹ̀. Mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé èmi ni Ọ̀gá máa pè. Mo di gúlúù mú lọ́wọ́, mò ń lẹ nǹkan mìíràn.

"Bísọ́lá, wá jókòó síbí."

"Èmi kẹ̀, sà?"

"Ṣé ẹlòmíì wà tó ń jẹ́ Bísọ́lá ni?"

Ó jókòó. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìka júwe fún un. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, gúlúù ti ṣàn sí mi lọ́wọ́, ìka mi méjì sì ti lẹ̀ pọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ tábìlì, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn Bísọ́lá, títí mo fi rí ààyè jáde lọ fi omi gbígbóná yọ ọ́. Awọ ìka mi bó.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọwọ́ Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń fi pamọ́ fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n àwa ń rí i. Ó pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní, "Iṣẹ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́. Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó wọlé tán, ẹnì kan nínú yín ló máa gba àga yìí. Ẹni tó bá gbà á, òun náà ni màá fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́." Ó wo Bísọ́lá, ó wo èmi náà. "Ṣé ẹ gbọ́?"

Bísọ́lá ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ ẹ o! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́."

Èmi ní, "A gbọ́ sà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ebi ṣe ń pa èèyàn ni mo ṣe fẹ́ àga yẹn. Tí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, màá tún máa gbẹ́ egungun nílé àǹtí mi. Tí Bísọ́lá bá jáde lọ ra oúnjẹ, màá yọ́ lọ sídìí gìtá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, màá ki ìwé bọ abẹ́ okùn. Lára àwọn tirẹ̀, ìwé máa ń kọjá fàlàlà nígbà mìíràn, nígbà mìíràn ó máa ń há. Tèmi kì í yẹ̀. Inú mi á dùn fún gbogbo ọ̀sán yẹn. Ní àràárọ̀, tí mo bá ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: Ọ̀gá, èmi náà fẹ́ ẹ, ẹ wo iṣẹ́ mi. Tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, "Ẹ káàárọ̀ sà" nìkan ló máa jáde.

Ìgbà yẹn ni aburú náà ṣẹlẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Púròfù. Gìtá tí bàbá rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un ló gbé wá. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti gbó, okùn ń kùn. Ó fẹ́ fi kọrin ìdúpẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní ìsìn Sábáàtì ọjọ́ kejì, ó sì ní òun máa wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, tí òun bá ń lọ sí ìsìn. Ọ̀gá ti lọ sí Ṣàgámù, ó ní kí Bísọ́lá ṣe é. Bísọ́lá bá Púròfù sọ̀rọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, ìtàn bàbá, ìtàn gìtá, títí ìrọ̀lẹ́ fi dé tán. Nígbà tí Púròfù lọ, oòrùn ti ń sún mọ́ orí páànù ilé òdìkejì, ibi tí a máa ń wò tí a fi ń mọ̀ pé Sábáàtì ti dé. Bísọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ nọ́ọ̀tì àtijọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi abẹ gé ojú fáníìṣì yí i ká, torí fáníìṣì ti so egungun àti igi pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ èyí. Bísọ́lá kò gé e. Ó gbé igi pẹlẹbẹ lé e, ó fi hámà gbá a. Láti ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ìró náà: kà! Nọ́ọ̀tì jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fa igi ọrùn gìtá jáde pẹ̀lú ara rẹ̀, ó tó èékánná ńlá.

Bísọ́lá ké. Mo sáré wá. Ojú egbò funfun wà lára gìtá tí bàbá èèyàn fi sílẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá fi wọlé. Oòrùn ti wọ̀. Bísọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò gé e. Mo sáré. Ọ̀gá, mi ò gé e."

Ọ̀gá wo gìtá náà. Ó kó irinṣẹ́ sínú àpótí, ó tì í. Èmi dúró níbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ó ti parí. Mo ti gba àga.

Púròfù wọlé nínú aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́. "Ọ̀gá Jídé, ṣé ẹ ti bá mi ṣe é?"

Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì gbé gìtá náà sí iwájú rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, kò sì fi pamọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi kò dúró mọ́, ó ti pẹ́ díẹ̀. Èmi ló ṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́."

Púròfù wo ọwọ́ náà. Ó wo gìtá bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó sì jáde lọ láì gbé e.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ ká gbá ilẹ̀ ní Sábáàtì, òun ló dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ Sábáàtì tó pa irọ́. Àìsàn tó ń fi pamọ́, tí kò fẹ́ kí ìlú mọ̀, ó gbé e síta níwájú èèyàn, nítorí Bísọ́lá. Tó bá jẹ́ pé ó lé e lọ ni, bóyá owú mi ì bá ti tán ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àmọ́ ńṣe ni mo ń rìn lọ sílé tí mò ń bi ara mi léèrè pé kí ni mo máa bà jẹ́ kí ẹnì kan tó lè ṣe irú ìyẹn fún mi. Mi ò ba nǹkan kan jẹ́ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bísọ́lá fi gúlúù lẹ igi náà padà, ó fi eruku igi dí ojú rẹ̀, ó dán an. Lẹ́yìn náà ó lọ bẹ Púròfù kó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé gìtá mìíràn lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa ta á, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀, ó tún ń bi í ní ìbéèrè. Ìgbà yẹn ló tó gbẹ́ nọ́ọ̀tì náà. Nígbà tí Púròfù ta gìtá bàbá rẹ̀, ó tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní bí ó ṣe máa ń dún nílé àwọn nìyẹn, nígbà tí òun wà ní kékeré.

Ọyẹ́ kò tíì wọlé tán tí Ọ̀gá fi fún Bísọ́lá ní àga.

Wọ́n ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún mi ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá àti ìyá mi wá láti Ìpara. Wọ́n gbàdúrà, a pín bisikíìtì àti mínírà. Ọ̀gá fún mi ní gbogbo irin wẹ́dà rẹ̀, ó sì sọ pé òun kò rí ọmọ iṣẹ́ tó ní sùúrù tó mi. Èèyàn mìíràn ì bá yọ̀. Èmi ń wo tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibi tí fáìlì wẹ́wẹ́, irin òyìnbó tí wọ́n fi ń gbẹ́ kòtò okùn, wà nínú àpótí awọ, èyí tí Púròfù rà bọ̀ láti ìlú òyìnbó fún Bísọ́lá. Ara wọn ń dán. Wọ́n ti kọ ìwọ̀n okùn kọ̀ọ̀kan sára èkù wọn.

Mo gba ibi kékeré kan ní Ṣàgámù, ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ agbóhùn. Ibẹ̀ kò ní fèrèsé. Iṣẹ́ wá dáadáa: àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ta gìtá ní hòtẹ́ẹ̀lì nítòsí Interchange. Iná mànàmáná ni mo fi ń ríran. Ayé iṣẹ́ náà sì ń yí. Tẹ́lẹ̀, etí la fi ń to okùn. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń gbé fóònù síwájú gìtá tí fóònù á sọ fún wọn pé ó ti tó. Nọ́ọ̀tì rọ́bà dé nínú àpò ọ̀rá, wọ́n ti gbẹ́ kòtò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn máa lẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn kan ní kí n lẹ̀ ẹ́ fún àwọn, mo lẹ̀ ẹ́. Àwọn tó mọ ohùn ṣì ń béèrè egungun, mo sì ń gbẹ́ ẹ.

Eruku egungun kì í wúwo. Ńṣe ló máa ń lọ káàkiri nínú afẹ́fẹ́, a sì máa ń fà á símú. Mi ò bo imú mi rí, Ọ̀gá náà kò bò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, mo rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní kí n yan ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn tàbí àyà mi. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi pa. Tí ẹ bá máa kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo imú àti ẹnu yín, kí ẹ sì jókòó níbi tí atẹ́gùn bá ti ń gbé eruku jáde. Bísọ́lá kò wúkọ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló jókòó sí láti ìgbà yẹn. Mo jowú àga náà, mo wá ń jowú atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i.

Kí n tó kó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnnì àti síìpù báyìí, mo lọ kí Ọ̀gá nílé. Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mọ́mì ló ń di ife mú sí i lẹ́nu. Mo jókòó títí, Mọ́mì wọlé lọ. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò fún mi ní àga yẹn?"

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ? Ṣé o fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ sà."

"Fọlákẹ́! O ò sọ fún mi rí."

"Mo rò pé ẹ ń rí iṣẹ́ mi ni sà."

"Mo rí i. Ọwọ́ rẹ dáa ju tiẹ̀ lọ. Ṣé o rò pé èmi náà kì í ki ìwé bọ abẹ́ okùn tí ẹ bá ti lọ ni?" Ó mí díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Púròfù rọra ń fi ìka kan okùn bí ẹni tó ń jí ọmọ tó sùn. Táyé, ti ṣọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀, ń lu tiẹ̀ bí ẹni tó ń lu ejò. Nọ́ọ̀tì kan náà lo máa gbẹ́ fún àwọn méjèèjì. Á bá ìwé mu, mi ò ní rí àbùkù kankan níbẹ̀. Bísọ́lá máa ń bi wọ́n. Ìwọ ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, láti ọjọ́ tí àǹtí rẹ ti mú ọ wá."

Mo tún bi í ti ọjọ́ tó gba ẹ̀ṣẹ̀ Bísọ́lá sọ́rùn. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ohun kan náà ni màá sọ." Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò lọ́nà púpọ̀, mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń gbà á gbọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láìpẹ́ yìí tó ń ta gìtá. Lẹ́yìn ìsìn, mo sún mọ́ ọn. Mo wo òkè ọrùn gìtá rẹ̀: egungun ni, wọ́n sì gbẹ́ ẹ ga ju bí èmi ì bá ṣe gbẹ́ ẹ lọ.

"Ta ló ṣe nọ́ọ̀tì yìí fún ọ?"

"Àǹtí kan ní Ìlíṣàn ni, mà. Ó da ìbéèrè bò mí bí ọlọ́pàá! Ó ní kí n ta á, kí n dìde ta á, kí n kọrin sí i. Ó kù díẹ̀ kó béèrè orúkọ ìyá mi."

Inú mi ti ń dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti gbẹ́ ẹ ga jù, ó ṣìṣe. "Ta á kí n gbọ́," ni mo wí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó lu okùn náà bí ẹni tó ń bá a jà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń retí kí ó kùn. Kò kùn. Okùn kọ̀ọ̀kan dá dún gedegbe, láìsí ìdọ̀tí kankan nínú ohùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọwọ́ tó wúwo báyẹn, ì bá ti máa kùn.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sókè, àwọn ìyá akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà gbọ́: "Ó gbẹ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, mà?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo dáhùn. "Àǹtí ló máa ń pè mí."